Ìdúró wa ní èbúté Mindelo: ìbéèrè àti ìdáhùn fún tọkọtaya tó fẹ́ fi ọkọ̀ ìgbòkun gba Atlantic kọjá

Èmi àti Bàbá Tọ́lá la jọ ń gbé inú ọkọ̀ ìgbòkun wa, àwa méjì péré. Àwọn ọmọ ti dàgbà, wọ́n ti wà nílé tiwọn. Látìgbà tí ará àti ọ̀rẹ́ ti gbọ́ pé a dúró ní Mindelo láti tún ọkọ̀ ṣe, ká sì ra oúnjẹ, ni ìbéèrè ti ń wọlé láti Ìbàdàn títí dé Peckham. Èyí tí wọ́n ń bi wá jù ni mo kó jọ síbí. Ẹni tó ń múra láti gba ọ̀nà yìí fúnra rẹ̀ ni mo fi sọ́kàn bí mo ṣe ń dáhùn.

Níbo ni Mindelo wà, kí ló sì dé tó jẹ́ ibẹ̀ lẹ gbà?

Mindelo ni ìlú tó tóbi jù ní São Vicente, ọ̀kan nínú erékùṣù 10 tó para pọ̀ jẹ́ orílẹ̀-èdè Cape Verde, lójú òkun, ní ìwọ̀-oòrùn Sẹ̀nẹ̀gà. Porto Grande ni wọ́n ń pe èbúté rẹ̀. Ẹnu òkè ayọnáyèéfín ayé àtijọ́ ni, òkun ló ya wọ inú rẹ̀. Òkè yí i ká, omi rẹ̀ jìn, ìgbì ńlá kì í sì í ráyè wọlé síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì fi ń kó èédú síbẹ̀ de àwọn ọkọ̀ wọn ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí wáyà tẹlígíráàfù abẹ́ òkun tó lọ sí Bràsíl náà fi gba ibẹ̀ kọjá ní 1874. Ó ti pẹ́ tí ìlú náà ti ń gba àlejò ojú omi.

Ní tiwa, afẹ́fẹ́ ló mú ibẹ̀ rọrùn. Láti Las Palmas ní erékùṣù Canary, ó tó nǹkan bí 860 máìlì ojú òkun, ọkọ̀ bíi tiwa lè fi ọ̀sẹ̀ kan rìn ín. Láti Mindelo dé Barbados, ó lé ní 2,000. Afẹ́fẹ́ àríwá ìlà-oòrùn á sì máa ti ọkọ̀ lẹ́yìn. Ẹni tó bá gbéra ní Canary lọ tààrà yóò pẹ́ lójú omi ju bẹ́ẹ̀ lọ, ohun tó bá sì bàjẹ́ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ yóò wà bẹ́ẹ̀ títí dé òdìkejì. Ẹni tó bá yà sí Mindelo ti fi ọ̀sẹ̀ kan dán ọkọ̀ rẹ̀ wò, èbúté kan sì tún wà níwájú rẹ̀ tó ti lè tún un ṣe. Fún ẹni méjì tí kò ní ọmọ iṣẹ́ kankan nínú ọkọ̀, èmi ò rí àríyànjiyàn nínú èyí.

Oṣù wo ló dára jù?

Ìparí November sí January. Àsìkò ìjì líle Atlantic máa ń bẹ̀rẹ̀ ní June, kì í sì í parí títí November á fi tán. Ìtòsí erékùṣù wọ̀nyí gan-an ni púpọ̀ nínú àwọn tó burú jù ti ń gbérí. Ní August 2025, òjò ìjì kan rọ̀ sí São Vicente, àgbàrá rẹ̀ pa èèyàn ní Mindelo, ó sì ba ọ̀pọ̀ nǹkan jẹ́. Ẹ má tìtorí pé ilẹ̀ ibẹ̀ gbẹ kí ẹ fojú kéré òjò rẹ̀.

Ní November, àwọn ọkọ̀ ìgbòkun tó ń bá ARC+ lọ, ìrìn ẹgbẹ́ tó máa ń gba Atlantic kọjá lọ́dọọdún, máa ń kún màrínà fọ́fọ́, ìyẹn ibi tí wọ́n ń so ọkọ̀ kéékèèké mọ́. Ẹ kọ̀wé sí màrínà ṣáájú, tàbí kí ẹ dúró kí wọ́n lọ tán. Láti December, ọyẹ́ tí a mọ̀ nílé ń dé ibẹ̀ náà: eruku Sàhárà kan náà, á bo ojú ọ̀run, á lẹ̀ mọ́ okùn àti ìgbòkun. Ẹ fi omi ṣan aṣọ ìgbòkun kí ẹ tó ká a, nítorí eruku yẹn máa ń jẹ òwú ìránṣọ rẹ̀.

Ṣé ọmọ Nàìjíríà nílò físà?

Cape Verde wà nínú ECOWAS, nítorí náà ẹni tó ní páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà lè dúró títí di 90 ọjọ́ láìgba físà. Ẹ mú ìwé ọkọ̀ lọ́wọ́, kí orúkọ yín wà nínú àkọsílẹ̀ àwọn tó wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì lè fi ibi tí ẹ ń lọ hàn. Lọ́jọ́ tí ẹ bá dé gan-an ni kí ẹ lọ síwájú ìmígíréṣọ̀n, lẹ́yìn náà ọlọ́pàá ojú omi. Wọ́n sábà máa ń gba ìwé ọkọ̀ pa mọ́ títí ẹ ó fi fẹ́ lọ. Ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù, ẹ ṣáà ti ya ẹ̀dà rẹ̀ sílẹ̀.

Iwájú ni wàhálà wà. Bràsíl ń béèrè físà lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà, bẹ́ẹ̀ náà ni Martinique àti Guadeloupe tí í ṣe ti Faransé. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lójú òkun, èbúté tí kò ní gbà yín wọlé kì í ṣe èbúté fún yín. Èmi ni mo ń lo páásípọ́ọ̀tù aláwọ̀ ewé nínú ọkọ̀ wa, ohun tó sì ń pinnu ojú ọ̀nà wa nìyẹn, kí Bàbá Tọ́lá tó ya máàpù.

Màrínà ni àbí ká sọ ìdákọ̀ró?

Bí iṣẹ́ bá pọ̀ lára ọkọ̀, ẹ wọ màrínà. Oníṣẹ́ kì í fẹ́ kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú ọkọ̀ rọ́bà kékeré lọ sáàárín omi, ẹ̀yin náà ò sì ní fẹ́ kí nọ́ọ̀tì ẹ́ńjìnnì yín bọ́ sómi. Màrínà ní iná, ó ní omi, ó sì wà láàárín ìlú. Bí ẹ bá ṣe ń jáde ní géètì lẹ ti wà létí ọjà.

Àmọ́ afẹ́fẹ́ máa ń já bọ́ lójijì láti orí òkè, ọkọ̀ á máa fa okùn rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ẹ lo okùn gígùn tó lè nà, kí ẹ sì fi páìpù rọ́bà wé gbogbo ibi tó ti ń ha irin. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò láràárọ̀. Ní ti ìdákọ̀ró, ìsàlẹ̀ omi ibẹ̀ gbà á dáadáa, ṣùgbọ́n òkú ọkọ̀ wà nísàlẹ̀ níbẹ̀. Ẹ wo máàpù kí ẹ tó sọ ọ́.

Kí lẹ kọ́kọ́ máa ń ṣe bí ẹ bá dé?

Oorun. Bí a bá jí, ọkọ̀ ló kàn. Oúnjẹ tẹ̀ lé e, fàájì ló gbẹ̀yìn. Mo mọ̀ pé ó ń wu èèyàn láti gun ìlú lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, pàápàá tí orin bá ń dún létí omi, àmọ́ mo bẹ̀ yín, ẹ má yí i padà. Ohun tó bá bàjẹ́ lẹ máa ń rí níbẹ̀rẹ̀, ó sì lè gba ọjọ́ púpọ̀ kí ẹ tó rí ẹ̀yà tí ẹ máa fi pààrọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá fi ọ̀sẹ̀ kan ṣeré kí ẹ tó wo ẹ́ńjìnnì, ẹ ó wulẹ̀ wá dúró ni, oúnjẹ tí ẹ ti rà á sì máa jẹrà.

Òpó ìgbòkun ni mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo fúyẹ́ jù, nítorí náà èmi ni wọ́n ń fà sókè, Bàbá Tọ́lá á dúró ti okùn nísàlẹ̀. Mo máa ń mú tíṣù lọ́wọ́. Bí mo bá ti dókè, n ó dì í mọ́ wáyà tó mú òpó dúró, n ó sì máa fà á bọ̀ wá sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Wáyà yẹn kì í ṣe ẹyọ kan, fọ́nrán irin púpọ̀ ni wọ́n lọ́ pọ̀. Bí ẹyọ kan bá ti já, ojú lè má rí i, àmọ́ á fa tíṣù ya, ègé funfun á so mọ́ ibẹ̀. Ibi tí wáyà ti wọ inú irin nísàlẹ̀ ni mo máa ń wò pẹ́ jù, torí omi iyọ̀ máa ń sùn síbẹ̀, ibẹ̀ ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ já. Fọ́nrán kan péré tó já ti tó láti pààrọ̀ gbogbo wáyà náà. Òpó tó bá wó ní 1,000 máìlì sí ilẹ̀, ẹni méjì ni yóò gé e dànù lóru nínú ìgbì.

Lẹ́yìn náà ni bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì, rọ́bà tó ń fa omi tútù wọ inú rẹ̀, àti fítà dísù. Ìgbì máa ń ru gbogbo ìdọ̀tí tó ti sùn sísàlẹ̀ táńkì sókè, fítà á dí, ẹ́ńjìnnì á kú. Bí fítà yín bá ti dúdú nígbà tí ẹ dé Mindelo, ẹ fọ táńkì. Ẹ wo ẹ̀rọ tó ń tọ́ ọkọ̀ fúnra rẹ̀ náà dáadáa, mo tilẹ̀ kà á sí jù ẹ́ńjìnnì lọ. Láìsí i, ọ̀kan nínú yín ni yóò máa di ìtọ́kọ̀ mú ní gbogbo wákàtí tọ̀sán-tòru, kò sì sí tọkọtaya tó lè ṣe é fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìṣubú lulẹ̀.

Ta ló ń bá yín tún un ṣe?

Ohun tí a bá lè ṣe, àwa fúnra wa ni. Èyí tó bá ju agbára wa lọ, oníṣẹ́ wà ní Mindelo: wẹ́dà tó lè jó irin tí kì í dípẹtà, mẹkáníìkì, ẹni tó ń rán ìgbòkun, àti àwọn tó mọ̀ nípa òpó àti wáyà. Ṣọ́ọ̀bù tó ń ta ohun èlò ọkọ̀ wà nítòsí màrínà. CABNAVE, ọgbà tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe, náà wà níbẹ̀, àmọ́ ọkọ̀ ńláńlá ni wọ́n kọ́ ọ fún. Iṣẹ́ tó bá gba kí wọ́n gbé ọkọ̀ kúrò nínú omi, bíi kíkun ìdí rẹ̀, ẹ parí ẹ̀ ní Canary.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo olókọ̀ gbọ́. Bí ẹ bá fẹ́ kí iṣẹ́ yín yá, ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kíni. Mo ti rí àlejò tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, tó na ẹ̀yà irin síwájú, tó ní òun fẹ́ ẹ lọ́la. Kò rí i lọ́la. Ẹ wọlé, ẹ ní “Bom dia”, ẹ bi í nípa iṣẹ́ àná, ẹ jókòó díẹ̀. Àwa tí wọ́n kọ́ láti kékeré pé a kì í kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láìkí i pé “ẹ kú iṣẹ́” kò yẹ kí èyí ṣòro fún. Wẹ́dà tó jó irin ìdákọ̀ró wa kò mọ Gẹ̀ẹ́sì, Pọtogí wa náà ò sì lọ títí. Mo gbé kọfí wá, ó mu ún, ó fi ìka rẹ̀ tọ ibi tí irin ti là, ó tún wá rí òmíràn tí àwa ò rí rárá, lábẹ́, ní ìkángun kejì. Ó jó méjèèjì. Ẹni tí ẹ kò bá kí kò ní yí irin yín dé ìsàlẹ̀ wò.

Ṣùgbọ́n ẹ dá iye owó kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì san án lọ́jọ́ tí ó bá parí. Ìkíni kò ní kí èèyàn má ṣírò owó.

Bí ẹ̀yà tí ẹ nílò kò bá sí ńkọ́?

Yúróòpù ni yóò ti wá. Ẹ kọ orúkọ ọkọ̀ sórí ẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọkọ̀ tó ń kọjá lọ ni. Ó ṣì lè pẹ́ lọ́dọ̀ kọ́sítọ́ọ̀mù. Tàbí kí ẹ bi olókọ̀ tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń bọ̀ wá bá a nínú báálù pé ṣé ó lè bá yín mú un bọ̀. Ohun tó dára jù ni kí ẹ ra ẹ̀yà méjì-méjì ní Las Palmas.

Níbo lẹ ti ń ra oúnjẹ, kí sì ni ẹ ń rà?

São Vicente kò ní odò, òjò rẹ̀ kò tó nǹkan, nítorí náà púpọ̀ nínú ẹ̀fọ́ àti èso ń ti Santo Antão wá, erékùṣù tútù tó wà ní òdìkejì. Ọkọ̀ èrò máa ń gbà tó wákàtí kan láti Porto Novo, èbúté Santo Antão. Ẹ bi àwọn ìyá ọjà ìgbà tí ẹrù tuntun ń wọlé, ìgbà yẹn ni kí ẹ lọ. Ọjà ìlú wà ní Rua de Lisboa, ilé olókè kan tó dára ni. Ọjà ẹja wà létí omi, nítòsí ilé ìṣọ́ tí wọ́n kọ́ jọ ti Belém ní Lisbon. Ẹ lọ ní kùtù, kí ẹ rí ẹja túnà bí wọ́n ṣe ń gbé e bọ̀ láti inú ọkọ̀. Ní Praça Estrela ẹ ó rí àwọn oníṣòwò láti Sẹ̀nẹ̀gà, Guinea àti Nàìjíríà tiwa, tí wọ́n ń ta aṣọ àti oríṣiríṣi nǹkan. Níbẹ̀ ni kí ẹ ti bèèrè ẹni tó ní ata gbígbẹ àti gàrí. Bí gàrí bá wà ní Mindelo, ẹnìkan níbẹ̀ á mọ ibi tó wà.

Ohun tí ń pẹ́ ni kí ẹ rà: kábéèjì odidi, àlùbọ́sà, ọ̀dùnkún, iṣu bí ó bá wà, elégédé, ọsàn òrombó wẹ́wẹ́, tòmátì tí kò tíì pọ́n. Ẹ ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú, kí ẹ sì so ó rọ̀ nínú àwọ̀n, àmọ́ ẹ mọ̀ pé odidi ìtì á pọ́n lẹ́ẹ̀kan náà, ọjọ́ mẹ́ta gbáko lẹ ó fi jẹ dòdò. Ẹyin tí kò tíì wọ fíríìjì rí ni kí ẹ rà, kí ẹ máa yí i padà lójoojúmọ́, ó lè lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Èyí tó bá ti wọ fíríìjì kì í pẹ́ níta.

Páálí kò gbọdọ̀ wọ inú ọkọ̀. Ẹyin aáyán máa ń wà láàárín rẹ̀. Orí èbúté la ti ń tú gbogbo nǹkan, a ó fọ èso níkọ̀ọ̀kan, a ó gbẹ ẹ́ gbẹrẹfu kí a tó kó o wọlé, torí èyí tó bá tutù á hu. Ẹ̀wà àti ìrẹsì á wọ inú ìgò tó dé dáadáa, pẹ̀lú ewé bay kan tàbí méjì nítorí kòkòrò. Èmi kì í lọ sójú òkun láìsí gàrí. Lóru tí ìgbì kò bá jẹ́ kí ìkòkò jókòó lórí iná, gàrí, ẹ̀pà àti omi tútù nìkan ni oúnjẹ tí kò nílò ohunkóhun. Bàbá Tọ́lá, tó ti fi ọgbọ̀n ọdún sọ ní Lọ́ńdọ̀nù pé òun ò mu gàrí mọ́, ń mu ún níbẹ̀.

Kí ẹ tó lọ, ẹ jẹ cachupa. Àgbàdo àti ẹ̀wà ni wọ́n jọ ń sè pẹ́ títí, pẹ̀lú ẹran tàbí ẹja. Ẹni tó bá fẹ́ràn ẹ̀gbo àti ẹ̀wà ti mọ ọ̀nà rẹ̀. Ti àná tí wọ́n dín láàárọ̀ tí wọ́n sì fi ẹyin lé lórí ló dùn jù.

Omi, dísù àti gáàsì?

Omi òkun tí wọ́n ti yọ iyọ̀ kúrò nínú rẹ̀ ni gbogbo ìlú ń mu, títà ni wọ́n sì ń tà á. A máa ń ṣírò lítà mẹ́ta lóòjọ́ fún mímu ẹnìkọ̀ọ̀kan, a ó sì tún kó ìdajì rẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì lọ́tọ̀, kí táńkì tó bá jò má baà pa wá. Ibi ìrọ epo wà ní màrínà. Ní ti gáàsì, ẹnu ìgò orílẹ̀-èdè kan kì í bá ti òmíràn mu. Ẹ kún un ní Canary.

Owó wo ni wọ́n ń ná?

Escudo. Euro kan jẹ́ 110.265 escudo, wọ́n ti dè é mọ́ra, kì í lọ sókè-sódò. Ẹ mú owó lọ́wọ́ lọ sọ́jà.

Ṣé ẹ kì í dá wà? Ta lẹ ń bá ṣeré?

Inú èbúté kún fún èèyàn. Ní ìrọ̀lẹ́, ọkọ̀ kan á pe òmíràn lórí rédíò VHF, oníkálùkù á gbé oúnjẹ rẹ̀ bọ̀: ará Faransé á gbé wàràkàṣì, ará Jámánì á gbé bíà, èmi á gbé mọ́ínmọ́ín tàbí àkàrà. Níbẹ̀ ni èèyàn ti ń gbọ́ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, ẹni tó ní bẹ́líìtì tó lé, mẹkáníìkì tó mọṣẹ́, àti ẹni tí yóò gbéra lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú yín tí ẹ ó lè máa bá sọ̀rọ̀ lójú omi. Ẹ kà á mọ́ iṣẹ́, àmọ́ ẹ gbádùn rẹ̀ pẹ̀lú.

Kí ẹ má sì fi ara yín mọ́ inú màrínà pẹ̀lú àwọn àlejò nìkan. Ìlú orin ni Mindelo. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Cesária Évora sí ní 1941, obìnrin tó ń kọ morna, orin ìbílẹ̀ Cape Verde, lẹ́sẹ̀ lásán títí gbogbo ayé fi gbọ́. Ní 2019, UNESCO fi morna sínú àwọn àṣà àjogúnbá ọmọ aráyé. Ẹ lọ jókòó ní Praça Nova nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, kí ẹ wo bí tọmọdé-tàgbà ṣe ń rìn yí ká. Bí ẹ bá wà níbẹ̀ ní February tàbí ìbẹ̀rẹ̀ March, ẹ lè bá Carnival pàdé. Ọtí ìrèké Santo Antão, grogue, le gan-an. Ẹ má mu ún ní alẹ́ tí ẹ ó gun òpó láàárọ̀.

Ìyá Tọ́lá, ẹ̀yin méjì nínú yàrá kékeré yẹn, ṣé ẹ kì í jà?

À ń jà. Èbúté la ti ń jà jù, kì í ṣe ojú omi. Lójú omi, kálukú mọ wákàtí tirẹ̀: ọ̀kan ń sùn, ọ̀kan ń ṣọ́. Ní èbúté, Bàbá Tọ́lá fẹ́ tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ ní ààrin ilé ìdáná, èmi sì ra ẹja tí mo fẹ́ sè. Ohun tó ràn wá lọ́wọ́ ni bébà kan tí a lẹ̀ mọ́ ara ògiri. Gbogbo iṣẹ́ wà lórí rẹ̀, orúkọ ẹni tó ni ín wà níwájú rẹ̀, èyí tí ọkọ̀ kò lè lọ láìsí i sì ní ìlà lábẹ́. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí níwájú iṣẹ́ kò gbọdọ̀ sọ bí wọ́n ṣe máa ṣe é. Ọ̀kan á dúró de oníṣẹ́, èkejì á lọ sọ́jà. Ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ a kì í fọwọ́ kan irinṣẹ́. A ó wọ ọkọ̀ èrò lọ sí Santo Antão, a ó fẹsẹ̀ rìn láàárín oko ìrèké, a ó sì sọ̀rọ̀ nípa ọmọ wa dípò nọ́ọ̀tì.

Mo fẹ́ kí àwọn obìnrin tó ń ka èyí gbọ́: ẹ kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀ náà. Bí ọkọ yín bá ṣàìsàn lọ́jọ́ kẹwàá, ẹ̀yin ni ọ̀gákọ̀. Èbúté, níbi tí ìgbì kò ti sí, ni kí ẹ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ fítà àti bí wọ́n ṣe ń dín ìgbòkun kù. Kí òun náà sì kọ́ oúnjẹ sísè.

Ṣé ibẹ̀ kò léwu?

Ìlú jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ fa ọkọ̀ rọ́bà kékeré kúrò nínú omi lálẹ́, kí ẹ sì fi kọ́kọ́rọ́ tì í. Bí ẹ bá sọ ìdákọ̀ró, àwọn ọ̀dọ́kùnrin lè wá bá yín pé àwọn á máa bá yín da ìdọ̀tí nù, tàbí kí àwọn bá yín ṣọ́ ọkọ̀. Ẹ yan ẹnìkan, ẹ bá a dá owó, kí ẹ sì mọ orúkọ rẹ̀.

Báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé ó tó àkókò láti lọ?

Bí gbogbo ohun tó ní ìlà lábẹ́ lórí bébà náà bá ti parí, tí ojú ọjọ́ sì fi afẹ́fẹ́ tó dúró déédéé hàn fún ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún. A kì í dá ọjọ́ fún ẹnikẹ́ni, a kì í sì í ní kí ọ̀rẹ́ kankan ra tíkẹ́ẹ̀tì báálù wá pàdé wa ní Barbados títí a ó fi gúnlẹ̀. Ọjọ́ tí a bá dá ló ń sún èèyàn jáde pẹ̀lú wáyà tó ti já.

Ẹ lọ gba ìwé ọkọ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá ojú omi, kí ìmígíréṣọ̀n lu òǹtẹ̀ sí páásípọ́ọ̀tù. Ẹ fi ẹ̀fọ́ tútù ṣe rírà tó gbẹ̀yìn. Kí ẹ tó jáde lẹ́nu èbúté, ẹ ti dín ìgbòkun kù, torí afẹ́fẹ́ máa ń há láàárín São Vicente àti Santo Antão, á sì le ju bí wọ́n ti sọ ọ́ lórí rédíò lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, òkè Santo Antão tó ga tó 1,979 mítà á dí afẹ́fẹ́ pátápátá fún ọ̀pọ̀ máìlì. Ẹ má kọjá lábẹ́ rẹ̀. Ẹ kọrí sí gúúsù ìwọ̀-oòrùn títí ẹ ó fi kúrò lẹ́yìn òkè náà, kí ẹ tó yí orí ọkọ̀ sí Barbados.